Ọ̀dá owó kan náà, ìyà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀: ìdí tí Ọ̀ṣun fi san ààbọ̀ owó oṣù nígbà tí Èkó ń kọ́ afárá

Láti oṣù Keje ọdún 2015, òṣìṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun tó bá wà ní ipele kejìlá sókè, ààbọ̀ owó oṣù ló ń mú lọ sílé. Ẹni tó wà ní ipele kẹjọ sí ìkẹwàá ń gba ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin. Àwọn tó wà ní ipele keje wálẹ̀ nìkan ni owó tiwọn ń pé. (Kò sí ipele kọkànlá nínú iṣẹ́ ọba wa, ìyẹn ọ̀rọ̀ ọjọ́ mìíràn.) Kí ètò yìí tó bẹ̀rẹ̀ gan-an, wọ́n ti lo oṣù mélòó kan láì gba kọ́bọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni nǹkan ṣe wà títí wọ inú ọdún 2018. Rauf Arẹ́gbẹ́ṣọlá tó gbé e kalẹ̀ ti kúrò nílé ìjọba, Gbóyèga Oyètọ́lá tó tẹ̀lé e náà ti kúrò, ìjọba Adémọ́lá Adélékè ló tún bẹ̀rẹ̀ sí í san àjẹsílẹ̀ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Lákòókò yẹn kan náà, Èkó ń san owó oṣù tiẹ̀ bó ṣe yẹ, ó sì ń kọ́ afárá sí Abúlé-Ẹ̀gbá àti Ajah, tí wọ́n ṣí méjèèjì lọ́dún 2017. Ọkọ̀ tó bá gbéra ní Òṣogbo ní òwúrọ̀ kùtù á ti wọ Èkó kó tó di ọ̀sán. Náírà kan náà ni wọ́n ń ná, ààrẹ kan náà ló ń ṣèjọba lé wọn lórí, ọ̀dá owó kan náà sì ni rédíò ń kéde fún àwọn méjèèjì.

Ọ̀pọ̀ èèyàn ti fi gbólóhùn kan parí ọ̀rọ̀ yìí: gómìnà Ọ̀ṣun jẹ gbèsè ju agbára rẹ̀ lọ. Òótọ́ wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí Ààrẹ Buhari fẹ́ yá àwọn ìpínlẹ̀ lówó láti fi san owó oṣù tí wọ́n jẹ lọ́dún 2015, ìpínlẹ̀ 27 nínú 36 ló nawọ́. A ò lè sọ pé gómìnà 27 ló dédé ya àpà lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀nà tí à ń gbà pín owó ní Nàìjíríà ló ti pinnu ẹni tí ọ̀dá máa kọ́kọ́ mú, kí ọ̀dá náà tó dé rárá.

Ohun tó wó lulẹ̀

Ní oṣù Kẹfà ọdún 2014, àgbá epo rọ̀bì kan ń lọ ní ohun tó lé ní 100 dọ́là. Nígbà tó fi máa di oṣù Kìíní ọdún 2016, ó ti já sí ìsàlẹ̀ 30 dọ́là. Àfi bíi pé ìyẹn ò tó, àwọn tó pe ara wọn ní Niger Delta Avengers ń fọ́ ọ̀pá epo káàkiri, títí kan ti Forcados, epo tí à bá tún tà ní owó pọ́ọ́kú yẹn náà dín kù. Báńkì àpapọ̀ ti kọ́kọ́ sọ pé òun ò ní ta dọ́là mọ́ fún ẹni tó bá fẹ́ kó irú ọjà 41 kan wọlé, látorí ìrẹsì dórí igi ìtayín. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2016 ó tú náírà sílẹ̀, dọ́là kan tó wà ní 197 náírà fò kọjá 280. Nígbà tó fi máa di oṣù Kejì ọdún 2017, ó ti lé ní 500 lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣẹ́ owó lójú títì. Nígbà tí wọ́n ṣírò gbogbo rẹ̀, ọrọ̀ ajé Nàìjíríà ti fi nǹkan bí ìdá 1.5 nínú ọgọ́rùn-ún súnkì lọ́dún 2016. Kò ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀ rí láàárín ọdún 25.

Ìdá kan ààbọ̀ kéré létí, àmọ́ àròpọ̀ ni. Nínú ọdún yẹn náà, iṣẹ́ àgbẹ̀ gbèrú ní ohun tó lé ní ìdá mẹ́rin. Ẹ̀ka epo ṣubú ju ìdá mẹ́wàá lọ, àwọn ilé iṣẹ́ tó ń ṣe nǹkan jáde náà sì fà sẹ́yìn. Ẹni tó bá wo èyí nìkan á rò pé Èkó àti Ògùn, níbi tí ilé iṣẹ́ ti kún Ìkẹjà, Ọ̀tà àti Àgbárá, ni ọ̀rọ̀ náà máa ká mọ́ jù, pé Ọ̀ṣun tó ní ilẹ̀, tó ní iṣu, tó ní kòkó, máa fara rọ. Òdìkejì la rí. Kì í ṣe pé Èkó ò jìyà o. Wọ́n dá òṣìṣẹ́ dúró ní ilé iṣẹ́ àti ní báńkì, àwọn tó ń kó ẹ̀yà ara ọkọ̀ wọlé ò rí dọ́là rà, ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n tì pa kò lóǹkà. Ṣùgbọ́n ìjọba Èkó kò dákú, ti Ọ̀ṣun dákú.

Owó tó ń ti Àbújá bọ̀

Lóṣooṣù, àwọn kọmíṣánnà ètò ìnáwó àti oníṣirò àgbà ìpínlẹ̀ máa ń pàdé àwọn ti ìjọba àpapọ̀ láti pín ohun tó bá wọ àpò gbogbogbòò. Owó epo ló pọ̀ jù níbẹ̀ nígbà náà. Ìwé òfin ọdún 1999 sọ pé ó kéré tán, kí wọ́n kọ́kọ́ yọ ìdá 13 nínú owó epo sọ́tọ̀ fún àwọn ìpínlẹ̀ tí wọ́n ti ń wa epo. Nínú ìyókù, ìjọba àpapọ̀ ń mú 52.68 nínú ọgọ́rùn-ún, àwọn ìpínlẹ̀ 26.72, àwọn ìjọba ìbílẹ̀ 20.60. Bó bá wá kan pípín ti ìpínlẹ̀ láàárín ara wọn, ìdá 40 ni wọ́n ń pín lọ́gbọọgba, ìdá 30 lórí iye èèyàn, 10 lórí bí ilẹ̀ ṣe fẹ̀ tó, 10 lórí ọ̀rọ̀ ilé ìwé, ìlera àti omi. Ìdá 10 tó ṣẹ́kù ni wọ́n fi ń wo ìsapá ìpínlẹ̀ láti pa owó wọlé fúnra rẹ̀.

Ìdá 10 yẹn ni kẹ́ ẹ mú dání. Ìpínlẹ̀ tó sùn àti èyí tó jí, ìyàtọ̀ tó wà nínú alokéṣọ̀n wọn, ìyẹn ìpín tó ń ti Àbújá bọ̀, kò tó nǹkan. Ní gbogbo ọdún tí epo fi wọ́n, kò sí ohun tó ń lé gómìnà jáde lọ wá owó. Owó ń bọ̀ lóṣooṣù, wọ́n ń fi gba òṣìṣẹ́, wọ́n ń fi kọ́ ilé ìjọba, wọ́n sì tún ń yá owó lé e lórí.

Bí wọ́n ṣe ń yá a ló burú jù. Gómìnà á fọwọ́ sí ìwé pé kí Àbújá máa yọ gbèsè náà kí ìpín oṣù tó kúrò lọ́hùn-ún, bí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ṣe máa ń yọ tiwọn kí owó tó dé ọwọ́ tíṣà. Nígbà tí epo wà lókè 100 dọ́là, iye tí wọ́n ń yọ ò pa ẹnikẹ́ni lára. Nígbà tí ìpín já wálẹ̀, iye tí wọ́n ń yọ dúró síbi tó wà. Ọ̀ṣun ni ìpínlẹ̀ àkọ́kọ́ tó ta sukuk, ìyẹn ìwé ẹ̀yáwó ní ìlànà Ìsìláàmù, ní Nàìjíríà, lọ́dún 2013, láti fi kọ́ ilé ìwé ńláńlá. Ilé ìwé náà dúró síbẹ̀, ó ṣeé fojú rí. Ṣùgbọ́n nígbà tí Àbújá bá yọ ti sukuk, tó yọ ti báńkì, ohun tó ń dé Òṣogbo ò lè gbé owó oṣù.

Wàyí o, ẹ wo ohun tí àwọn ìpínlẹ̀ ń pa fúnra wọn lọ́dún 2016 yẹn. Èkó pa ohun tó lé ní 300 bílíọ̀nù náírà. Ti gbogbo ìpínlẹ̀ lápapọ̀, pẹ̀lú Èkó nínú rẹ̀, jẹ́ nǹkan bí 800 bílíọ̀nù. Ògùn pa nǹkan bí 73 bílíọ̀nù. Ọ̀ṣun ò pé 9 bílíọ̀nù. Èkìtì pa nǹkan bíi bílíọ̀nù mẹ́ta, fún odindi ọdún kan. Ohun tí Èkìtì fi oṣù méjìlá wá, kò ju iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́rin lọ fún Èkó.

Kí ni Èkó ń ṣe tí Èkìtì ò ṣe? Owó orí òṣìṣẹ́, ìpínlẹ̀ tí onítọ̀hún ń gbé ló ni ín. Báńkì ńláńlá, ilé iṣẹ́ tẹlifóònù, ilé iṣẹ́ epo, Victoria Island, Ìkòyí àti Ìkẹjà ni ọ́fíìsì àgbà wọn wà. Inú omi Niger Delta ni wọ́n ti ń wa epo, ṣùgbọ́n ọ̀gá tó ń bojú tó o lè máa gbé Lẹkki, kí owó orí rẹ̀ máa lọ sí Aláùsá, ibùjókòó ìjọba Èkó.

Ìtàn kan tún wà níbẹ̀. Lọ́dún 2003 Èkó dá agbègbè ìdàgbàsókè 37 kún ìjọba ìbílẹ̀ 20 tó ní. Ọbásanjọ́ bínú, ó sì dá owó ìjọba ìbílẹ̀ Èkó dúró lọ́dún 2004. Ilé ẹjọ́ tó ga jù dá sí i, síbẹ̀ owó náà ò jáde pátá títí Yar'Adua fi gorí oyè. Àwọn kan ń sọ pé ìyà yẹn ló kọ́ Èkó láti máa wá owó tiẹ̀. Mo gbà díẹ̀ nínú ẹ̀. Àmọ́ kí a má fi ọgbọ́n gómìnà bo òtítọ́ mọ́lẹ̀: Èkó ni olú ìlú Nàìjíríà títí di ọdún 1991, ibẹ̀ ni èbúté Àpápá àti Tin Can wà, owó ìjọba àpapọ̀ la fi kọ́ wọn. Ẹ gbé gómìnà Èkó tó gbọ́n jù lọ sí Adó-Èkìtì, kò ní rí báńkì 20 tó máa gbowó orí lọ́wọ́ wọn.

Ògùn ni ẹ̀rí èyí. Ilẹ̀ tó wọ́n ní Èkó ló lé ilé iṣẹ́ wá sí Ọ̀tà, Àgbárá àti Ṣàgámù, òkúta tó wà nínú ilẹ̀ Ẹwékorò àti Ìbẹ́ṣẹ̀ ló sì bí ilé iṣẹ́ sìmẹ́ńtì. Tìtorí pé ó múlé ti Èkó ló fi ń pa ìlọ́po mẹ́jọ ohun tí Ọ̀ṣun ń pa.

Ìlú tó ń jẹun lórí owó oṣù

Ọjọ́ 27 oṣù Kẹjọ ọdún 1991 ni wọ́n yọ Ọ̀ṣun kúrò lára Ọ̀yọ́. Láti ìgbà náà, iṣẹ́ tó gbòòrò jù ní Òṣogbo ni iṣẹ́ ìjọba: Sẹkitéríàtì Abẹ́rẹ́, ilé ìwé, ilé ìwòsàn, ìjọba ìbílẹ̀ 30 káàkiri ìpínlẹ̀ náà. (Bẹ́ẹ̀ ni, 30. Èkó ní 20. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí àwọn ológun ṣe pín Nàìjíríà, kó wo ibẹ̀.) Ilé iṣẹ́ irin tí ìjọba àpapọ̀ kọ́ síbẹ̀ ti dákẹ́ tipẹ́. Ìdí nìyẹn tí gbogbo ọjà fi máa ń bi ara wọn léèrè níparí oṣù pé, "Ṣé wọ́n ti sanwó?" Àwọn tí wọn ò ṣiṣẹ́ ìjọba rí láyé wọn ló ń béèrè jù.

Ẹ mú obìnrin kan tó ń ta èlùbọ́ lọ́jà Ìgbọ̀nà. Ó ní ìwé kékeré kan tó ń kọ àwìn sí: Tíṣà ojúlé kẹta, kóńgò méjì, Bàbá Abẹ́rẹ́, kóńgò mẹ́rin, Ìyá Nọ́ọ̀sì, kóńgò kan àti ẹ̀wà. Kì í kọ orúkọ àbísọ, iṣẹ́ àti àdúgbò ló ń kọ, torí iṣẹ́ yẹn ló fi dá a lójú pé owó òun á jáde. Nígbà tí tíṣà tó ń gba 80,000 náírà bẹ̀rẹ̀ sí í gba 40,000, kò lè san gbèsè tẹ́lẹ̀, ojú sì ń tì í láti tún wá gba òmíràn. Obìnrin yìí náà ò wá lówó tó máa fi ránṣẹ́ sí Òkè-Ògùn fún ọjà tuntun. Ẹni tó ń kó èlùbọ́ ránṣẹ́ láti Ṣakí, tí kì í ṣe ọmọ Ọ̀ṣun, tí kò mọ Arẹ́gbẹ́ṣọlá rí lójú, òun náà ti jìn sínú ọ̀fìn owó oṣù Òṣogbo. Láàárín ìgbà yìí, àpò ìrẹsì kan tó wà ní nǹkan bí 10,000 náírà lọ́dún 2015 kọjá 20,000 kí ọdún 2016 tó parí. Ààbọ̀ owó, ìlọ́po méjì iye ọjà.

Iṣu ò wọ́n lọ́jà lọ́dún yẹn. Ẹni tó máa rà á ló wọ́n.

Owó tí ìjọba àpapọ̀ fi gba àwọn ìpínlẹ̀ sílẹ̀ lọ́dún 2015 gan-an, yíyá ni. Nǹkan bíi bílíọ̀nù 35 náírà ló kan Ọ̀ṣun, tí wọ́n máa fi ogún ọdún san pẹ̀lú èlé ìdá mẹ́sàn-án. Wọ́n tún yí gbèsè báńkì àwọn ìpínlẹ̀ padà sí gbèsè ológún ọdún. Nígbà tó di ìparí 2016, owó tí wọ́n yọ jù lọ́wọ́ àwọn ìpínlẹ̀ nígbà tí à ń san gbèsè Paris Club, àwọn orílẹ̀-èdè tó yá Nàìjíríà lówó, bẹ̀rẹ̀ sí í padà wá. Ìyẹn ni kì í ṣe yíyá, owó wọn ni.

Ògbómọ̀ṣọ́ náà rí tiẹ̀. Ọ̀yọ́ àti Ọ̀ṣun ló jọ ni yunifásítì LAUTECH, torí pé kí ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ tó pín sí méjì ni wọ́n ti dá a sílẹ̀, lọ́dún 1990. Ìpínlẹ̀ méjì tí kò lówó ló wá jọ ń bọ́ ọmọ kan, èyí ń wo ọwọ́ ìyẹn. Ní àárín ọdún 2016 wọ́n ti ilé ìwé náà pa, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì jókòó sílé fún ọ̀pọ̀ oṣù. Ẹni tó bá mọ Ògbómọ̀ṣọ́ mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí fún onílé, olóúnjẹ, ọlọ́kadà àti ẹni tó ń ṣe fọ́tókọ́pì. Ọdún 2020 ni Ọ̀ṣun yọwọ́, tó fi ilé ìwé náà sílẹ̀ fún Ọ̀yọ́ nìkan.

Ìjọba tó tòṣì, ará ìlú tó tòṣì

Ẹnìkan lè ní ìpínlẹ̀ elépo ti bọ́ nínú èyí. Bayelsa ń gba ìdá 13, ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́jọ péré ló ní, síbẹ̀ òṣìṣẹ́ rẹ̀ náà gba ààbọ̀ owó oṣù lọ́dún 2016. Owó wọn pọ̀ ju ti Ọ̀ṣun lọ, àmọ́ ojú ibi kan náà ló ti ń wá, ibi tó sì ti ń wá ló bàjẹ́.

Ìhà Àríwá wá yàtọ̀ pátápátá. Níbẹ̀, àwọn tó ń gba owó oṣù kéré láàárín àwùjọ, iye oúnjẹ lọ́jà ni ọ̀dá fi ń dé ọ̀dọ̀ wọn. Bí náírà ṣe ń ṣubú, ìrẹsì ilẹ̀ òkèèrè wọ́n, àgbẹ̀ onírẹsì ní Kebbi rí ọjà tà. Wọ́n ti gbé ètò ẹ̀yáwó àgbẹ̀ kalẹ̀ ní Birnin Kebbi ní oṣù Kọkànlá ọdún 2015, nígbà tó sì di Kérésìmesì ọdún 2016, àwọn ará Èkó ń tò fún ìrẹsì LAKE, tí Èkó àti Kebbi jọ ṣe, ní 12,000 náírà fún àpò kìlógíráàmù 50. Ẹni tó ní oko ìrẹsì jèrè. Ẹni tó ń ra oúnjẹ jẹ ní ìlú kan náà kò jèrè. Ní Borno tí Boko Haram ti lé àgbẹ̀ kúrò lóko, kò sí oko tí wọ́n máa fi jèrè rárá.

Ohun kan wá wà tó máa ń ya èèyàn lẹ́nu. Nígbà tí àjọ oníṣirò ìjọba àpapọ̀ ṣe ìwádìí òṣì tí wọ́n gbé jáde ní 2020, lórí ohun tí ìdílé ń ná lọ́dún 2018 sí 2019, nǹkan bí ìdá 88 nínú ọgọ́rùn-ún èèyàn ló jẹ́ òtòṣì ní Sokoto. Ní Èkó, ìdá 4.5. Ní Ọ̀ṣun, tí ìjọba ibẹ̀ ò rí owó oṣù san pé fún bí ọdún mẹ́ta? Ìdá 8.5 péré, ó dín ju ti Ọ̀yọ́ àti Ògùn lọ. Nínú ìwádìí ọdún 2022 tí wọ́n tún fi wo ilé ìwé, ìlera àti bí ilé ṣe rí, Ondo ni òṣì ti kéré jù ní gbogbo Nàìjíríà, ìdá 27, nígbà tí Sokoto wà ní 91.

Lójú tèmi, ohun tí èyí ń sọ ni pé ìjọba lè tòṣì kí ará ìlú má tòṣì tó bẹ́ẹ̀. Oko wà lẹ́yìnkùlé. Ọmọ wà ní Èkó, òmíràn wà ní London tàbí Houston, wọ́n ń fi nǹkan ránṣẹ́ sílé. Bàbá tó ní kòkó sí apá Ifẹ̀tẹ̀dó ń tà á. Ìjọba ò sì rí nǹkan gbà nínú gbogbo rẹ̀. Nígbà tí kòkó kọjá 10,000 dọ́là fún tọ́ọ̀nù kan lọ́dún 2024, owó wọ abúlé Ondo àti Ọ̀ṣun lọ́nà tí wọn ò rí irú rẹ̀ rí, ṣùgbọ́n díẹ̀ ló yà sí Alágbàká, ibùjókòó ìjọba Ondo, tàbí Abẹ́rẹ́. Ìpínlẹ̀ wa ò mọ bí a ti ń gba owó orí lọ́wọ́ ẹni tí kò gba owó oṣù, àyàfi kí wọ́n dúró sójú títì pẹ̀lú igi àti tíkẹ́ẹ̀tì.

Nígbà kan rí, wọ́n mọ̀ ọ́n. Lábẹ́ òfin ọdún 1963, ààbọ̀ owó ohun tó bá ti ilẹ̀ ẹkùn kan jáde ló ń padà sọ́dọ̀ ẹkùn náà. Ṣáájú ìgbà náà ni owó kòkó ti gbé ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ìwọ̀ oòrùn dìde ní oṣù Kìíní ọdún 1955, òun ló sì kọ́ ilé Cocoa House tó ṣì ń yọ lókè ní Ìbàdàn. Nígbà tí epo gba ipò kòkó, àwọn ológun gé ìdá ààbọ̀ yẹn wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí ó fi di ìdá 1.5, kó tó padà gòkè sí 13 lọ́dún 1999. Ẹkùn mẹ́rin di ìpínlẹ̀ 12 lọ́dún 1967, 19 lọ́dún 1976, 36 lọ́dún 1996. Gbogbo wọn ló fẹ́ ilé gómìnà.

Àwọn tó ń pè fún àtúnpadà sí ayé kòkó yẹn máa ń gbàgbé apá kan ìtàn náà. Nígbà tí iye kòkó já lẹ́yìn òmìnira, ìjọba ìwọ̀ oòrùn tó ń jẹun lọ́wọ́ àgbẹ̀ fún àgbẹ̀ lọ́rùn. Ọdún 1968 ni àwọn Àgbẹ̀kọ̀yà dìde, wọ́n ní òkè mẹ́fà làwọn máa san, ìyẹn ṣílè 30, àwọn ò ní san jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀jẹ̀ ṣàn kí wọ́n tó dín owó orí náà kù. Ìjọba tó ń jẹ látọwọ́ èèyàn rẹ̀ ń jíhìn fún wọn, mo fara mọ́ ọn. Àmọ́ nígbà ọ̀dá, ọrùn èèyàn rẹ̀ náà ló máa fún.

Ohun tó ń lọ báyìí

Owó orí ọjà, VAT, ni ìjà tuntun bẹ̀rẹ̀ lé lórí. Láti ọdún 1994 ni à ń san án, ó kúrò ní ìdá 5 bọ́ sí 7.5 ní oṣù Kejì ọdún 2020. Àbújá ló ń gbà á, tó ń pín in. Ohun tó ń bí àwọn kan nínú ni pé nínú ìwé, títí ọdún 2025 fi parí, ibi tí ọ́fíìsì àgbà ilé iṣẹ́ wà ni wọ́n máa ń kà sí ibi tí owó náà ti wá. Ọmọ Ìkirè ra káàdì ìpè, wọ́n kọ ọ́ sí orúkọ Èkó. Lọ́dún 2021 ilé ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ ní Port Harcourt sọ pé Rivers lè gba tiẹ̀ fúnra rẹ̀, Èkó náà yára ṣe òfin tiẹ̀, kí ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn tó ní kí gbogbo wọn dúró. Wike, tó jẹ́ gómìnà Rivers nígbà náà, ò yé sọ pé àwọn ìpínlẹ̀ tó ń fọ́ ìgò ọtí ní Àríwá ṣì ń bá wọn pín owó orí ọtí. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn létí àwọn ará Gúúsù, ṣùgbọ́n ọtí nìkan kọ́ ni VAT.

Àbá tí ìjọba Tinúbú gbé wá ní 2024 fẹ́ kí ìdá 60 nínú ti ìpínlẹ̀ máa tẹ̀lé ibi tí wọ́n ti ná owó. Àwọn gómìnà Àríwá fárígá ní oṣù Kẹwàá. Ní oṣù Kìíní ọdún 2025, àwọn gómìnà fẹnu kò: ìdá 50 lọ́gbọọgba, 30 lórí ibi tí wọ́n ti ná an, 20 lórí iye èèyàn. Ààrẹ fọwọ́ sí òfin náà ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹfà, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní ọdún 2026. Ìpín ìjọba àpapọ̀ wálẹ̀ láti 15 sí 10, ti ìpínlẹ̀ gòkè láti 50 sí 55, ti ìjọba ìbílẹ̀ dúró ní 35. Ibi tí wọ́n ti lo ọjà ló wá jẹ́ òdiwọ̀n báyìí, kì í ṣe ibi tí ọ́fíìsì wà. Káàdì Ìkirè máa di ti Ọ̀ṣun.

Ó dáa bẹ́ẹ̀, àmọ́ kí ẹnikẹ́ni má rò pé èyí máa mú Ọ̀ṣun bá Èkó. Ibi tí owó wà ni wọ́n ti ń ná an, Èkó ló sì ń ná jù. Nígbà tí tíṣà bá sì ń gba ààbọ̀ owó oṣù, káàdì tó ń rà náà máa dín kù. Lọ́dún 2023, Èkó pa nǹkan bí 816 bílíọ̀nù nínú tírílíọ̀nù 2.43 tí gbogbo ìpínlẹ̀ àti Àbújá pa. Ìdá kan nínú mẹ́ta ni, bó ṣe fẹ́rẹ̀ẹ́ rí lọ́dún 2016.

Lọ́wọ́lọ́wọ́, ariwo ààbọ̀ owó oṣù ti lọ sílẹ̀. Láti oṣù Kẹfà ọdún 2023, tí wọ́n yọ owó ìrànwọ́ orí epo tí wọ́n sì tú náírà sílẹ̀, dọ́là kan kúrò ní nǹkan bí 460 náírà lọ sí òkè 1,500. Dọ́là epo kan náà ń bí náírà mẹ́ta níbi tó ti ń bí ẹyọ kan. Alokéṣọ̀n wú, owó oṣù tó kéré jù gòkè sí 70,000 lọ́dún 2024, Èkó tiẹ̀ san 85,000. Owó tó ń dé ọwọ́ gómìnà pọ̀ ju ti ìgbàkígbà rí lọ, lórí ìwé. Ọ̀wọ́n gógó tó fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ìdá 35 ní oṣù Kejìlá ọdún 2024 ló jẹ́ kí tíṣà má mọ̀ ọ́n lára.

Ìṣúná ọdún 2025 gbé ara lé epo ní 75 dọ́là. Ní oṣù Kẹrin ọdún yẹn, epo já dé nǹkan bí 60. Ìdí tí ìjáwálẹ̀ epo ti ọdún 2009 kò fi bí ààbọ̀ owó oṣù ni pé nǹkan bíi bílíọ̀nù 20 dọ́là wà nílẹ̀ nígbà náà nínú àpò tí wọ́n ń tọ́jú àlékún owó epo sí, tí wọ́n fi bo ihò náà. Àwọn gómìnà ni wọ́n ń pariwo pé kí wọ́n pín in, wọ́n sì gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sílé ẹjọ́. Nígbà tí ọdún 2015 fi dé, nǹkan bíi bílíọ̀nù méjì ló kù. Láti ọdún 2022, iye tí wọ́n ń kà síbẹ̀ kò tó mílíọ̀nù kan dọ́là, fún ìpínlẹ̀ 36 àti ìjọba àpapọ̀. Bí epo bá tún já bíi ti ọdún 2014, oṣù kejì tàbí ìkẹta ni wọ́n máa mọ̀ ní Abẹ́rẹ́ àti Adó-Èkìtì. Ó ṣeé ṣe kí Aláùsá lo ọdún kan kó tó kàn wọ́n.